Orí Mọ́sálásí Tí Kò Gba Ẹnubodè Kọjá

Ràhámátù yí nǹkan náà po kí ó tó lanu sọ̀rọ̀. Ó wò ó níwájú, ó wò ó lẹ́yìn, bí ẹni tó ń wá ẹnu ọ̀nà ilé tí wọn kò ṣí ilẹ̀kùn sí. Dóòmù ni, orí rìbìtì tí wọ́n máa ń gbé ka òkè mọ́sálásí. Irin ni egungun rẹ̀, páànù tó ń kọ mànà ni awọ rẹ̀, wọ́n sì kùn ún ní àwọ̀ ewé. Ó gúnwà sí àárín ṣọ́ọ̀bù Dìran, jórinjórin ará Owódé, bíi pé òun ló ni ilé. Ó lẹ́wà, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n odindi kan ṣoṣo ni.

"Dìran, ibo ló ti pín?"

"Kí ló máa pín, ẹ̀gbọ́n?"

"Mo ní kó o ṣe é ní abala méjì. Mo ní kó o fi bóòtù dè é láàárín, ká lè tú u gbé, kí wọ́n tún un dè tó bá débẹ̀. Ṣé mi ò sọ bẹ́ẹ̀ ni?"

"Ẹ sọ bẹ́ẹ̀." Dìran, ọ̀dọ́mọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ tí iná irin ti sọ ojú rẹ̀ di pupa, fi àtẹ́lẹwọ́ pa ara dóòmù náà bí ẹni ń pa ọmọ lórí. "Mo ti ṣe é dé ìdajì kí n tó rí i pé tí mo bá pín in, àpá ló máa wà lójú ẹ̀. Ohun tí wọ́n á máa rí láti òkèèrè, tí ọmọ ọmọ wọn máa bá níbẹ̀, ṣé kí n wá fi àpá sí i lójú ni? Ojú mi ò gbà á."

"Ojú ẹ ò gbà á. Títì ńkọ́, ṣé títì máa gbà á?"

"Ẹ̀yin lẹ ń kó ẹrù, ẹ̀gbọ́n. Èmi ò mọ ti ọ̀nà."

Ràhámátù káwọ́ lérí. Kò sí àyè láti tún un ṣe. Àlàrùba ni wọ́n wà, Jímọ̀ sì ni wọ́n fẹ́ ṣí mọ́sálásí.

Ọmọ ilé oníṣòwò ni Ràhámátù, ní Kémta, láàárín àwọn mùsùlùmí tí baba ńlá wọn ti ń ná ọjà kí Abẹ́òkúta tó mọ títì ọlọ́dà. Bàbá rẹ̀, Alhaji Mùsílíù, ló da iṣẹ́ akẹ́rù sílẹ̀ ní Láfẹ́nwá. Ó ń kó obì, sìmẹ́ńtì àti aṣọ lọ sí ibikíbi tí táyà bá lè yí dé, títí kan òdì kejì ẹnubodè. Ràhámátù fúnra rẹ̀ kò fẹ́ iṣẹ́ náà tẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ ọ́fíìsì ló ń ṣe ní Èkó, ní ilé iṣẹ́ kan tó ń fi ọkọ̀ ojú omi kó ẹrù. Ó ń jáde nílé kí àkùkọ tó kọ, ó ń padà nígbà tí Azeezat ọmọ rẹ̀ bá ti sùn. Ìgbà tí ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ kò gbé e mọ́ ló fi ọ́fíìsì sílẹ̀, tó wá jókòó sórí àga bàbá. Ohun tó kó bọ̀ láti Èkó ni ìgbàgbọ́ pé bí ènìyàn bá ti ṣètò nǹkan dáadáa, bí a ṣe ṣètò rẹ̀ náà ni yóò rí. Láti ọjọ́ tó ti dé Láfẹ́nwá ni nǹkan ti ń gba ìgbàgbọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Oníbàárà bàbá rẹ̀ ni Alhaji Yasir tó ni dóòmù. Òrí àti òróró ẹ̀pà ló ń tà ní Kétu, ìlú àwọn ọmọ Yorùbá tó bọ́ sọ́wọ́ Faransé nígbà tí òyìnbó pín ilẹ̀, tó fi wà ní Olómìnira Benin lónìí. Ó ti wá sí Owódé rí, ó rí iṣẹ́ ọwọ́ Dìran lórí mọ́sálásí kan níbẹ̀, ọkàn rẹ̀ sì fà sí i. Ó ní irú rẹ̀ gan-an lòun fẹ́. Ràhámátù ló bá a dúnàádúrà, òun náà ló sì gbà láti gbé e dé Kétu. Ètò rẹ̀ dán mọ́rán: kí wọ́n gbé e láàárọ̀ Àlàrùba, kí wọ́n dé Kétu nírọ̀lẹ́, kí àwọn ará ibẹ̀ fi gbogbo Àlàmísì gbé e kalẹ̀ sókè, kí wọ́n sì kírun lábẹ́ rẹ̀ ní Jímọ̀.

Olúbọ̀dé awakọ̀ jókòó sínú lọ́rì níta, ó ń jẹ orógbó. Ó ti ń wa ọkọ̀ fún ilé wọn láti ìgbà tí Ràhámátù wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ìdí nìyẹn tí kì í fi í kánjú nítorí ẹnikẹ́ni.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò rí ohun tí Dìran ṣe fún mi?"

"Mo rí i. Ó dára."

"Ó fẹ̀ ju ọkọ̀ wa lọ!"

"Ó fẹ̀, Ìyá Azeezat. Ó sì dára. Méjèèjì ni."

Ọkọ̀ tí yóò gbé dóòmù náà sókè, tó ti yẹ kó dé láàárọ̀, kò dé títí wọ́n fi kírun Àìlà tán. Ẹni tó ń wà á ní ìsìnkú ìyá ìyàwó òun lòun ti ń bọ̀, ta ni yóò sì bá ẹni tó ń ti ibi òkú bọ̀ jà? Ràhámátù kí i kú àṣẹ̀yìndè. Nígbà tí wọ́n gbé dóòmù ka orí lọ́rì tán, ó yọ síta lápá ọ̀tún, ó yọ síta lápá òsì, bí fìlà àgbàlagbà lórí ọmọ ọwọ́. Wọ́n fi ṣéènì dè é, wọ́n so aṣọ pupa mọ́ ọn létí káàkiri. Dìran dúró, ó ń wò ó bí ẹni ń sin ọmọ rẹ̀ lọ sílé ọkọ.

"Ẹ má jẹ́ kó ha o," ó ní.

Ràhámátù gun ọkọ̀, ó ti ilẹ̀kùn.

Ọjọ́ ọjà ni wọ́n bá ní Láfẹ́nwá. Àwọn tó ní ìsọ̀ ti na ìsọ̀ dé ojú títì, àwọn tí kò ní ìsọ̀ ti tẹ́ ẹrù síwájú àwọn tó ní, àwọn ọlọ́kadà sì gba èyí tó kù. Ọkọ̀ dúró. Olúbọ̀dé fọn fèrè títí, ó sú u, ó pa ẹ́ńjìnnì. Ìyá kan tó ń ta ike, Ìyá Àfúsá ni wọ́n ń pè é, ni páànù ìsọ̀ tirẹ̀ yọ síta jù. Etí páànù náà àti etí dóòmù wá kojú ara wọn bí àgbò méjì.

Ràhámátù sọ̀ kalẹ̀. "Ẹ kú ọjà o, ẹ̀yin ìyá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká ṣí páànù yìí díẹ̀, a fẹ́ kọjá ni."

"Kí lẹ gbé?"

"Dóòmù mọ́sálásí ni, mà."

"Máṣá Alláhù! Ọlọ́run á gbà á ní iṣẹ́ rere." Ìyá náà wo dóòmù tẹ̀rín-tẹ̀rín, ó gbọ́wọ́ sókè, ó fi nu ojú. Lẹ́yìn náà ló padà lọ jókòó. "Wọn ò ní ṣí páànù mi."

"Ẹ̀yin ìyá, ilé Ọlọ́run là ń gbé e lọ o."

"Ilé Ọlọ́run ò ní kí wọ́n wó ṣọ́ọ̀bù tèmi. Lọ́jọ́sí tí wọ́n ń tún ọ̀nà yìí ṣe, wọ́n ní kí n ṣí i, mo ṣí i. Ta ló bá mi kàn án padà? Òjò ló pa mí níbí bí ewúrẹ́."

Ràhámátù kúnlẹ̀ sórí ọ̀dà gbígbóná. Àwọn èrò ti pé jọ, oníkálukú sì ti di olùdarí ọkọ̀. Ọ̀kan ní kí wọ́n fà sí ọ̀tún, ìkejì ní òsì ni, ìkẹta ní kí wọ́n tú afẹ́fẹ́ táyà kí ọkọ̀ lè wálẹ̀. Kò sí ẹni tó fọwọ́ kan nǹkan kan.

"Ọmọ ta ni ẹ́ ná?" ni Ìyá Àfúsá bi í.

"Ọmọ Alhaji Mùsílíù ni mí, mà. Ti Kémta."

"Mùsílíù akẹ́rù! Èyí tí kò wá kí mi nígbà tí mo ṣòfò ọkọ?"

"Ẹsẹ̀ ló ń dà wọ́n láàmú, mà. Wọ́n ní kí n máa kí yín gan-an ni."

Irọ́ ni. Bàbá rẹ̀ kò dárúkọ obìnrin náà rí. Ṣùgbọ́n irọ́ náà ló ṣí páànù, nítorí Ìyá Àfúsá dìde, ó ní kí wọ́n yọ ìṣó, kí wọ́n ṣáà tún un kàn lójú òun. Wọ́n yọ ọ́. Ọkọ̀ sún síwájú díẹ̀. Wáyà iná ló tún kàn, tó sọ̀ sílẹ̀ bí okùn ìsáṣọ, wọ́n fi ọparun gbé e sókè kí orí dóòmù tó lè gba abẹ́ rẹ̀. Nígbà tí Ràhámátù rò pé ó tán, ọkùnrin oníwàásù kan tó gbé gbohùngbohùn lọ́wọ́ bọ́ síwájú lọ́rì, ó sì nawọ́ pé kí wọ́n dúró.

"Ẹ̀yin mùsùlùmí òdodo, irú ẹrù báyìí ò gbọdọ̀ kọjá láìgba àdúrà!"

Ó ṣàdúrà fún dóòmù. Ó ṣàdúrà fún ẹni tó ṣe é, fún ẹni tó gbé e, fún táyà tó ń yí lábẹ́ rẹ̀, fún gbogbo ará ọjà lọ́kọ̀ọ̀kan ìsọ̀. Àwọn ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn ń fọn fèrè, àwọn èrò ń ṣe àmín. Ràhámátù náà ń ṣe àmín, ṣùgbọ́n eyín rẹ̀ wà ní ìpàdé. Fóònù rẹ̀ dún. Yasir ni.

"Ìyá Azeezat, ẹ ti wọ Ìmẹ̀kọ?"

"A wà ní Láfẹ́nwá, Alhaji."

"Láfẹ́nwá ti Abẹ́òkúta?"

"Òmíràn ò sí tí mo mọ̀."

Wọ́n jáde sọ́nà Ayétòrò pẹ̀lú oòrùn tó ti ń wọ̀. Ọ̀nà náà ti di kòtò àti gegele. Níbi tí ọkọ̀ kékeré ti ń yẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, dóòmù kò jẹ́ kí lọ́rì yẹ̀ síbì kankan. Bó bá yẹ̀ sọ́tùn-ún, ẹ̀ka igi a máa ha á lára. Bó bá yẹ̀ sósì, ọkọ̀ tó ń bọ̀ níwájú a máa bú wọn. Kò pẹ́ tí wọ́n bá tírélà sìmẹ́ńtì kan tó ṣubú dí ọ̀nà gbọnrangandan. Àwọn ọlọ́kadà ń gba inú koríko kọjá, àwọn ọkọ̀ kéékèèké tẹ̀lé wọn, ṣùgbọ́n ẹni tó gbé orí mọ́sálásí kò lè gba inú koríko. Ilẹ̀ ṣú wọn síbẹ̀. Ìgbà tí wọ́n rí ọ̀nà lọ, Ayétòrò ni wọ́n sùn, Olúbọ̀dé nínú lọ́rì, Ràhámátù nílé ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ kan tó fi ìtàn ẹ̀yìn dídùn gba oorun lójú rẹ̀.

Ní Àlàmísì, wọ́n tètè gbéra. Ara Ràhámátù ti ń balẹ̀ díẹ̀. Bí wọ́n bá dé Kétu kí oòrùn tó kan àtàrí, àwọn ará ibẹ̀ á ṣì rí ìrọ̀lẹ́ gbé e sókè. Ó ń ṣe ìṣirò yìí lọ́wọ́ ni wọ́n já síwájú àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú ọ̀nà. Ọ̀dọ́ kan nínú wọn yí lọ́rì ká, ó fi kùmọ̀ gbá dóòmù lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó gbọ́ bó ṣe dún.

"Kí lẹ gbé?"

"Dóòmù mọ́sálásí ni, ọ̀gá."

"Táńkì epo ni."

Ràhámátù rò pé ó ń ṣàwàdà, ó rẹ́rìn-ín. Ọ̀dọ́ náà kò rẹ́rìn-ín. Lójú ọ̀nà náà, àwọn ènìyàn ti fi oríṣiríṣi nǹkan gbé epo bẹntiróòlù sá lọ sí òdì kejì, ojú àwọn ẹ̀ṣọ́ sì ti já.

"Ọ̀gá, ẹ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ẹ̀. Ó ṣófo. Bí igbá tí wọ́n dojú ẹ̀ délẹ̀ ló rí. Báwo lepo ṣe máa dúró nínú ẹ̀?"

"Ẹ lè jó irin sí ìdí ẹ̀ tẹ́ ẹ bá dé iwájú."

"Ta ló ń fi dóòmù gbé epo?"

"Wọ́n ti fi pósí gbé e rí, mà."

Ọ̀dọ́ náà kò béèrè owó kankan lọ́wọ́ wọn. Ó ní òun kò lè fi wọ́n sílẹ̀ láìjẹ́ pé ọ̀gá òun rí i, ọ̀gá òun sì ti lọ ṣèpàdé. Wọ́n páàkì sábẹ́ igi kan. Olúbọ̀dé na ẹsẹ̀ sórí ìdarí ọkọ̀, kò pẹ́ tó fi ń hanrun. Ràhámátù ń lọ, ó ń bọ̀. Ó ń wo àwọn ọkọ̀ tó ń kọjá: ọkọ̀ tó kó ẹ̀gẹ́ kọjá, ọkọ̀ tó kó màlúù kọjá, ọkọ̀ kan tí kò ní ilẹ̀kùn rárá kọjá. Ó rántí ọ́fíìsì rẹ̀ ní Èkó, níbi tí ẹrù ti jẹ́ àmì kékeré tó ń rìn lójú kọ̀ǹpútà. Kò sí ẹni tí ń fi kùmọ̀ gbá àmì kọ̀ǹpútà lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Nígbà tí ọ̀gá náà dé, ó wo dóòmù lẹ́ẹ̀kan, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa lọ jàre! Ìyá wa, ẹ má bínú. Ẹ fi wá sádùúrà o."

"A ti gba àdúrà púpọ̀, ọ̀gá," ni Ràhámátù wí, ó sì gun ọkọ̀.

Ìrọ̀lẹ́ Àlàmísì ni wọ́n dé ẹnubodè. Ìwé wọn pé, àwọn aṣọ́bodè yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n lù ú ní òǹtẹ̀, wọ́n kí wọn. Ní òdì kejì, Ràhámátù rí Alhaji Yasir pẹ̀lú àwọn àgbààgbà mọ́sálásí tí wọ́n wọ aṣọ funfun, wọ́n ń juwọ́. Ọkàn rẹ̀ fẹ́ rọ̀. Olúbọ̀dé wa ọkọ̀ síwájú jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́, ó sì tẹ bíréèkì.

Òpó irin méjì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, kọnkéré ni wọ́n fi rì wọ́n. Tuntun ni wọ́n. Wọ́n rì wọ́n kí àwọn tírélà ńlá má baà máa wó ògiri ilé iṣẹ́ tó wà níbẹ̀. Lọ́rì wọn gba àárín rẹ̀ dáadáa. Dóòmù ni kò gbà á.

Olúbọ̀dé yọrí. "Ìyá Azeezat, kò gbà o."

"Mo rí i."

Bọ́lárìnwá lorúkọ àgbà aṣọ́bodè tó wà níbẹ̀, oníwà pẹ̀lẹ́ ni. Ó wọn àlàfo òpó, ó wọn dóòmù, ó mi orí. "Ẹ má bínú, mà. Àwọn tó rì í ò sí níbí, èmi ò sì láṣẹ láti hú u. Tí mo bá kọ̀wé lónìí, bóyá lóṣù tó ń bọ̀."

Wọ́n ronú ọkọ̀ agbẹ́rù tí yóò gbé e fo òpó kọjá. Èyí tó sún mọ́ wọn jù wà ní Abẹ́òkúta. Wọ́n ronú kí àwọn ọkùnrin para pọ̀ gbé e. Àwọn géńdé Kétu gbìyànjú rẹ̀, ṣéènì dún, dóòmù kò mira. Olúbọ̀dé wá súnmọ́ Ràhámátù, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ọ̀nà ìgbẹ́ kan wà o. Mo mọ̀ ọ́n."

"Kí wọ́n wá sọ pé mo fi orí mọ́sálásí ṣe fàyàwọ́? Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́."

Ohun kan ṣoṣo ló kù. Yasir ti fẹsẹ̀ rìn kọjá wá bá wọn, òun àti Lémọ́mù, bàbá arúgbó kan tó ń fi ọ̀pá tẹlẹ̀. Ràhámátù sọ ọ́ fún wọn: kí wọ́n gé e sí méjì, kí wọ́n gbé e kọjá, kí wọ́n jó o pọ̀ ní Kétu.

Lémọ́mù na ọ̀pá sí dóòmù. "Ẹ gé e kẹ̀? Orí mọ́sálásí nìyẹn. A kì í la orí. Ohun tí a fi Bísímílà bẹ̀rẹ̀, ẹ fẹ́ ká fi ayùn parí ẹ̀? Kí làwọn àlejò máa sọ? Kí ni ìlú máa sọ?"

"Àáfà sọ òótọ́," ni Yasir wí. "Ìyá Azeezat, odindi la san owó ẹ̀. Ẹ tún un rò."

Ẹnu ibẹ̀ ni nǹkan ti já nínú Ràhámátù. Kò pariwo. Ì bá sàn ká ní ó pariwo.

"Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ forí jì mí, ọmọ yín ni mí. Láti àná, gbogbo ẹni tí mo pàdé ló ń ṣàdúrà fún mi. Ẹni tí kò jẹ́ kí n kọjá ń ṣàdúrà, ẹni tó dá mi dúró ń ṣàdúrà. Mo dúpẹ́. Àmọ́ kò sẹ́ni tó bá mi ti ọkọ̀ yìí síwájú. Mo ní kí wọ́n ṣe é ní méjì, ẹni tó ṣe é ní ojú òun ò gbà á. Mo ní ká ṣí ọ̀nà, wọ́n ní páànù àwọn. Mo dé ibí, òpó. Ẹ̀yin náà tún wá ní a kì í la orí. Ó dáa. Tí ẹ ò bá fẹ́ ká gé e, màá yí ọkọ̀ yìí padà báyìí. Màá gbé e lọ sí Kémta, sẹ́yìn ilé bàbá mi, àwọn adìẹ á máa sá òjò sábẹ́ ẹ̀. Ẹ̀yin ẹ lọ máa wo ojú ọ̀run kírun."

Bọ́lárìnwá gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń yẹ ìwé tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀ wò. Yasir wo Lémọ́mù, Lémọ́mù wo ilẹ̀. Ìgbà tó yá, bàbá arúgbó náà fi ọ̀pá kan ilẹ̀.

"Kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe Bísímílà," ó wí, ó sì yí padà, ó ń lọ.

Ràhámátù pe Dìran lórí fóònù. "Kó ẹrù iṣẹ́ ẹ, kó o máa bọ̀. Ìwọ lo máa gé e."

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò lè gé e. Ẹ má fi ìyẹn ṣe mí."

"Jórinjórin kan wà níbí tó ń jó àwọ̀n ilẹ̀kùn. Ó ní ẹ̀rọ tó fi ń gé irin, ó sì ti mutí yó. Ṣé kí n pè é?"

"Ẹ má pè é," ni Dìran wí.

Àárọ̀ Jímọ̀ ló dé, lórí ọ̀kadà, ojú rẹ̀ ti funfun fún eruku. Kò kí Ràhámátù. Ó gun orí lọ́rì lọ, ó yí dóòmù náà ká bí Ràhámátù fúnra rẹ̀ ṣe yí i ká ní Owódé, ó fi ẹfun fa ìlà láti ṣóńṣó dé ìsàlẹ̀. Wọ́n tan jẹnẹrétọ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ náà wọ páànù, igbe tó ké mú àwọn èrò ẹnubodè fọwọ́ di etí, iná ń fọ́n jáde bí ìràwọ̀. Omi ń bọ́ lójú Dìran. Ó ní èéfín ni.

Láti Owódé ni Ràhámátù ti ń fẹ́ kí nǹkan kan dun Dìran. Nígbà tó wá ń dùn ún, kò rí adùn kankan níbẹ̀. Ó kàn rí ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ba iṣẹ́ tó dára jù tó ṣe láyé rẹ̀ jẹ́, ó sì rí i pé òun náà ni yóò jíyìn rẹ̀ fún ẹni tó ni ín. Inú tún bí i sí i, kò sì mọ ẹni tí inú náà ń bí i sí. Ó lọ ra omi tútù, ó gbé e fún Dìran. Dìran gbà á, ó mu ún, kò wo ojú rẹ̀.

Abala méjèèjì gba àárín òpó kọjá, wọ́n kó ọ̀kan sínú èkejì bí abọ́. Nígbà tí wọ́n wọ Kétu, wọ́n ti ń pe ìrun Jímọ̀. Mọ́sálásí náà kún àkúnwọ́sílẹ̀. Láàárín òrùlé rẹ̀, níbi tí ó yẹ kí dóòmù wà, ihò ràgàjì ló wà, oòrùn sì ń gba ibẹ̀ wọlé, ó ń lu àwọn tó jókòó sí àárín lórí. Àwọn kan ti fi ìwé ìléwọ́ bo orí. Ràhámátù ṣàlùwàlá, ó lọ jókòó sẹ́yìn láàárín àwọn obìnrin, ó ń gbọ́n eruku kúrò lára ìbòrí rẹ̀. Àlùfáà àlejò tí wọ́n pè láti ọ̀nà jíjìn gun mínbárì. Ó ní ọ̀rọ̀ tí òun fẹ́ bá àwọn sọ lónìí dá lórí sùúrù.

Ràhámátù fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde jáde. Obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ rò pé wáàsí náà ló wọ̀ ọ́ lára, ó fi ọwọ́ gbá a lẹ́yìn pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́.

Lẹ́yìn ìrun, oúnjẹ wà, ẹran ti tán. Olúbọ̀dé kò dárí ji ẹnikẹ́ni nínú ìlú náà lórí ọ̀rọ̀ ẹran yẹn. Ó fi gbogbo ọ̀nà ìpadàbọ̀ sọ ọ́, láti ẹnubodè dé Ayétòrò, bíi pé òun ni ohun kan ṣoṣo tó ṣẹlẹ̀ sí wọn. Ràhámátù jẹ́ kó máa sọ ọ́. Kò sí okun lára rẹ̀ láti ní kó dákẹ́.

Dìran kò bá wọn padà. Ó dúró ní Kétu láti jó dóòmù pọ̀, wọ́n sì gbé e sókè lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Àwọn ará ìlú ń kí i, wọ́n ń pè é ní jagunjagun irin, mọ́sálásí mìíràn ti gbéṣẹ́ fún un. Àmọ́ bí òun àti Ràhámátù bá pàdé ní Owódé títí di ìsinsìnyí, Olúbọ̀dé nìkan ni Dìran máa ń kí, tí á sì béèrè àlàáfíà lọ́rì.

Yasir fi fọ́tò ránṣẹ́. Dóòmù náà dúró lókè, àwọ̀ ewé nínú oòrùn, ìlà kan sì gba àárín rẹ̀ wálẹ̀ bí ilà ojú. Láti òkèèrè, kò hàn púpọ̀. Ràhámátù fi ìka fẹ fọ́tò náà lójú fóònù, ó wo ìlà náà pẹ́. Ó san owó tó yẹ kó san fún jíjó rẹ̀, kò jẹ èrè kankan, bàbá rẹ̀ sì ní kó máa dúpẹ́ nítorí láàdá wà níbẹ̀. Ràhámátù ní òun ti gbọ́.

Ṣùgbọ́n ojú ibi tí wọ́n ti jó o pọ̀ kò dì tán. Títí di òní, bí òjò bá ti ṣú ní Kétu, fóònù Ràhámátù a dún.

"Ìyá Azeezat, ó tún ti ń kán o. Orí Lémọ́mù gan-an ló ń kán sí."

Á sọ fún Yasir pé akẹ́rù lòun, pé òun kì í ṣe jórinjórin, pé Dìran ní fóònù. Yasir á ní òun mọ̀. Á ní òun kàn ní kí òun sọ fún un ni. Ràhámátù yóò sì gbọ́ ariwo òjò náà lẹ́yìn ohùn rẹ̀, tó ń lu páànù.